Òfò àti Pàǹtí: Láti Ẹkù Epo dé Ìgò Òfìfo

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè Yorùbá tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òwò. Ọ̀kan ni òfò, èkejì ni pàǹtí. Ọlọ́jà tó gbé agbọ̀n tòmátì mẹ́wàá lọ sọ́jà, tí méjì sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kì í sọ pé òun rí pàǹtí agbọ̀n méjì. Ohun tí yóò sọ ni pé òun jẹ òfò agbọ̀n méjì. Ṣùgbọ́n agbálẹ̀ ọjà tó gbá tòmátì jíjẹrà yìí kan náà dà sí ààtàn lọ́jọ́ kejì kò jẹ òfò kankan. Pàǹtí lásán ni ó gbá. Tòmátì kan náà ni, ìbàjẹ́ kan náà ni. Ẹni tí ó ni ín ló yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ní olóhun, òfò ni a ń pe ìbàjẹ́ rẹ̀, a ó sì kà á lórí ìka, a ó máa wá ọ̀nà tí yóò fi dín kù. Bí kò bá ní olóhun mọ́, ó di pàǹtí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé, èyí tí í ṣe pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ nípa okòwò ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí a ṣe lè dín ìfiṣòfò kù lójú ọ̀nà tí ọjà ń tọ̀ láti oko dé ilé-iṣẹ́, láti ilé-iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ́n tuntun ni. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn òwò ilẹ̀ wa ti fi ìlànà kan hàn nípa ọ̀ràn náà, èyí tí a lè ṣe àkópọ̀ rẹ̀ báyìí: ohun tó bá ṣẹ́kù kì í di ẹrù wíwúwo lórí ìlú àfi bí kò bá ní olóhun, bí kò bá ní orúkọ, tí kò sì ní iye. Ìtàn epo pupa, ẹkùrọ́, kòkó àti ìgò òfìfo ní agbègbè Ẹdẹ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ìlú tó wà lójú ọ̀nà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ẹdẹ ti jẹ́ ìlú ojú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fà-iná, pé kí ó lọ máa ṣọ́ agbègbè náà kí àwọn jagunjagun Ìjẹ̀ṣà má baà máa dá àwọn èrò lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà àti ti ọjà ló bí ìlú náà. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́-ilé ti tú, Ẹdẹ bọ́ sábẹ́ àkóso Ìbàdàn, ó sì wà lójú ọ̀nà tí ẹrù ń gbà láti agbègbè odò Ọ̀ṣun lọ sí Ìbàdàn, kí ó tó kọjá sí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, kí ó tó dé etí òkun. Nígbà tí òyìnbó la ọ̀nà rélùwéè, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Ẹdẹ kọjá kí ó tó dé Òṣogbo ní 1907. Àdúgbò bí Alájue, tí ó wà nínú ìlú Ẹdẹ, kò lè ṣàì mọ bí ẹrù ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. Ohun tí oko bá so, ìlú ni yóò gbà á kọjá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí oko so nígbà náà ni ẹyìn. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e dé ẹkù, ìyẹn ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo.

Ẹkù àti àwọn olóhun rẹ̀

Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ, tí ó ń kọ ẹyìn. Obìnrin ló ń sè é, tí ó ń gún un tàbí tí ó ń tẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi omi ya epo kúrò lára rẹ̀. Bí epo bá ti jáde tán, ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ lè rò pé iṣẹ́ ti parí, pé ohun tó kù nílẹ̀ di àdàsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìdì ẹyìn tí a ti yọ èso lára rẹ̀ ni wọ́n ń sá sóòrùn tí wọ́n sì ń sun. Eérú rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń fẹ́. Okùn ara èso, tí a ń pè ní ìhá, ni wọ́n ń ṣù gbẹ láti fi máa ko iná. Ẹkùrọ́ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ń fi òkúta pa. Ọmọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń yan tí wọ́n sì ń yọ àdín lára rẹ̀. Àdín yìí ni wọ́n fi ń para, òun náà ni ọlọ́ṣẹ sì ń pò mọ́ omi eérú. Èésan, ìyẹn èèpo líle tó bo ọmọ ẹkùrọ́, ni alágbẹ̀dẹ ń wá, nítorí pé iná rẹ̀ mú, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Igi owó ni ọ̀pẹ, mọ̀rìwò rẹ̀ ní ipò nínú ìsìn, imọ̀ rẹ̀ bo orí ilé, ọwọ̀n ewé rẹ̀ di ìgbálẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ́kù wọ̀nyí tí kò ní orúkọ tirẹ̀. A kò pe ìhá ní “pàǹtí ẹyìn”, a kò sì pe èésan ní “ìdọ̀tí ẹkùrọ́”. Èdè kì í dédé sọ nǹkan lórúkọ. Ohun tí àwọn ènìyàn ń bèèrè lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń dá iye lé, tí wọ́n sì ń jà sí ni wọ́n ń sọ lórúkọ. Orúkọ ìhá àti èésan jẹ́ ẹ̀rí pé ní ìgbà kan, ẹnìkan wà tó ń rìn wá sí ẹkù láti wá a.

Kì í ṣe ẹkù nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó sẹ́ ògì kì í da èèrí rẹ̀ nù. Ohun ọ̀sìn ló ń jẹ ẹ́. Omíkan tó lé téńté sórí ògì ni wọ́n fi ń se àgbo. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti iṣu di oúnjẹ ewúrẹ́. Àwọn aláró Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ń sẹ́ omi eérú láti fi mú aró ẹ̀lú ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe fàájì pẹ̀lú eérú tó kù nínú ìkòkò asẹ́; wọ́n á tún pò ó mọ́ eérú tuntun, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sì tún sun ún. Èyí tó wá dé ààtàn nínú gbogbo rẹ̀ kò pọ̀. Ààtàn náà gan-an kì í sì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ ti ń tutù yọ̀yọ̀ jù lọ.

Alájàpá, alárù àti ìwúwo ẹrù

Láti ẹkù, ọjà bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò, àwọn náà sì ní ẹ̀ka tiwọn. Alájàpá ni ẹni tó ń lọ sí ọjà oko láti ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó ń kó o wá sí ìlú. Alágbàtà ni ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti tún un tà. Aláròóbọ̀ ni ẹni tó ń tà á ní wẹ́wẹ́ fún ẹni tí yóò sè é jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárín wọn ni alárù wà, ẹni tó ń fi orí ru ẹrù, àti oníbodè, ẹni tó ń gba owó ibodè lẹ́nu ọ̀nà ìlú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní ìpín tiwọn nínú èrè, wọ́n sì ní ìpín tiwọn nínú òfò. Bí epo bá dà lójú ọ̀nà, ẹnìkan pàtó ni epo rẹ̀ dà.

Ohun tó fi ọgbọ́n òwò yìí hàn jù lọ ni ìwúwo ẹrù. Orí ènìyàn ni ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá fi orí ru ohun tí kò wúlò láti Ẹdẹ dé etí ọ̀sà ti fi agbára, oúnjẹ ọ̀nà àti owó ibodè ṣòfò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pa ẹkùrọ́ nílé kí ọmọ rẹ̀ tó bọ́ sójú ọ̀nà. Èésan tó wúwo dúró sí ìlú tí alágbẹ̀dẹ ti nílò rẹ̀. Ọmọ ẹkùrọ́ tí òyìnbó nílò ni alárù gbé lọ. Ohun tí àwọn olùkọ́ nípa okòwò ń kọ́ni lónìí pé kí a ṣe ọjà nítòsí ibi tí ohun èlò rẹ̀ ti wá, kí a má baà gbé pàǹtí rìn, àwọn obìnrin wa ti mọ̀ ọ́n láti orí òkúta tí wọ́n fi ń pa ẹkùrọ́.

Nígbà tí kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ wa nínú agolo ńlá, àwọn ọlọ́jà kò sọ agolo náà nù bí kẹrosíìnì bá tán. Wọ́n sọ ọ́ di garawa. Wọ́n fi ń pọn omi, wọ́n fi ń wọn epo, garawa epo sì di òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà mọ̀. Agolo tí òyìnbó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán ló di òṣùwọ̀n òwò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹkùrọ́ ṣe di ọjà àgbáyé

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ará rẹ̀ ní 1807, òwò epo pupa ń gbòòrò sí i lẹ́bàá òkun wa. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, àbẹ́là àti ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ epo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861. Ní gbogbo àkókò yìí, epo ni wọ́n ń rà. Ní ojú òyìnbó, ẹkùrọ́ kò já mọ́ nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń lò ó nílé.

Àárín ọdún 1860 sí 1870 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ẹkùrọ́ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá sí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fún òróró lára rẹ̀. Ní 1869, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Hippolyte Mège-Mouriès, ti ṣe àwárí margarine, ohun tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì dípò bọ́tà. Bí iṣẹ́ náà ti ń gbilẹ̀, òróró ẹkùrọ́ di ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Èérún tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fún òróró tán, àwọn ará Jámánì kò dà á nù. Màlúù ni wọ́n fi ń bọ́. Bí obìnrin Yorùbá ṣe ń fi èèrí bọ́ ewúrẹ́ ni àgbẹ̀ Jámánì ṣe ń fi èérún ẹkùrọ́ Yorùbá bọ́ màlúù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí okùn òwò bá ti gùn tó ni ibi tó ti lè já ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín 1877 sí 1878, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Epo tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò ní iye lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà sì ṣí. Rélùwéè tẹ̀lé e, ẹrù tí alárù ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbé sì di ohun tí ọkọ̀ ń gbé ní ọjọ́ kan. Nígbà tó tún di 1914, ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà Hamburg sì dí ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Obìnrin tó jókòó ti òkúta ẹkùrọ́ ní abúlé Ẹdẹ kò mọ ẹni tí ń jẹ́ Káísà, síbẹ̀ ogun Káísà lè sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di òfò.

A rí i nínú ìtàn yìí pé ohun tí a ń pè ní pàǹtí kì í ṣe ìwà tí a dá mọ́ nǹkan. Ẹkùrọ́ kan náà tí oníṣòwò òkèèrè kò kà sí ní 1850 ni ó ń du ní 1890. Lónìí pàápàá, àwọn ará Jàpáánù ń ra èésan láti Indonéṣíà àti Màléṣíà, wọ́n ń fi í dáná ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Ohun tí alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ ni wọ́n gbé orúkọ tuntun lé lórí.

Òfò tí a kò kà

Kò yẹ kí a tìtorí èyí ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Òwò tí kì í fi èésan ṣòfò a máa fi ènìyàn ṣòfò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ru epo lọ sí etí ọ̀sà jẹ́ ẹrú tàbí ìwọ̀fà. Àwọn ìjòyè ogun àti àwọn oníṣòwò ńlá Ìbàdàn ní oko tí ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A mọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú ní 1874, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára wọn. Nígbà tí òwò epo ń gbòòrò, a nílò ọwọ́ tí yóò ṣe é àti orí tí yóò rù ú, ogun ló sì ń pèsè àwọn ọwọ́ àti orí náà. Òyìnbó ní òun fi òwò epo rọ́pò òwò ẹrú; nílé níhìn-ín, ẹrú ló ń ṣe epo náà.

Bí a bá lo ìlànà tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò fara sin. Wọ́n ka epo tó dà, wọn kò ka agbára ẹrú tó run, nítorí pé kì í ṣe àpò olówó rẹ̀ nìkan ni agbára náà ti ń jáde. Ìyà rẹ̀ wà lára ẹni tí kò lẹ́nu nínú ìṣirò. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí, kò sì kéré sí èkínní: ìṣirò òfò kò pé bí ẹni tó ń jìyà òfò náà kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí a fi èyí sọ́kàn bí a bá ti ń bọ̀ sí ayé òde òní.

Kòkó àti èèpo rẹ̀

Kòkó ló gbapò lọ́wọ́ epo ní ọ̀pọ̀ oko ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì ogún. Nínú èso kòkó, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ ni èèpo. Bí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó tán, hóró ni ó ń kó lọ. Èèpo a ṣẹ́kù sínú oko. Bí ó bá kó o jọ síbẹ̀ tí ó ń jẹrà, ó lè di ibùgbé àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ wá ojútùú sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́: wọ́n ń sá èèpo náà, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú bí àwọn ìyá wọn ti ń fi ìdì ẹyìn ṣe é. Oko mọ́, ọṣẹ jáde, owó wọlé.

Hóró kòkó náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń ṣòfò. A gbọ́dọ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí adùn rẹ̀ tó pé, kí a sì sá a títí omi ara rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ dé bí ìdá méje tàbí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò hu nínú àpò. Láti 1947 tí ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó sílẹ̀ ni àyẹ̀wò àti ìpele ti so mọ́ iye tí wọ́n ń rà á. Ìgbìmọ̀ náà ní àṣìṣe tirẹ̀, nítorí owó tó yẹ kí ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ kì í dé ibẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, tí àwọn olùrà tuntun ń sáré kiri oko, kòkó tí kò gbẹ di ohun tí wọ́n ń rà bí èyí tó gbẹ. Àgbẹ̀ tí iye kan náà ni wọ́n ń san fún un kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun sá kòkó fún ọjọ́ méjì sí i. Orúkọ rere kòkó wa ní òkèèrè ló san gbèsè rẹ̀.

Ẹdẹ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa ṣe kòkó níbẹ̀ dípò kí a kó o lọ ní hóró. Èrò rẹ̀ bá ti àwọn obìnrin ẹkùrọ́ mu: ẹ ṣe é nítòsí, kí ìṣẹ́kù rẹ̀ wà nílé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi dákẹ́. Òfò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju ti àpò kòkó tó hu lọ, nítorí pé ohun tí kò bẹ̀rẹ̀ kì í ní ìṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni lè wá rà.

Ìgò tó ń padà sílé àti ọ̀rá tí kò ní ilé

Ìyàtọ̀ ìgò àti ọ̀rá ló fi ìlànà wa hàn kedere jù ní ayé òde òní. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọtí àti ti ohun mímu dídùn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa (ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949), ìgò dígí ni wọ́n ń lò, owó sì wà lórí ìgò náà. Ẹni tó bá ra ọtí láìmú ìgò òfìfo wá yóò san owó ìgò. Nítorí èyí, ìgò láti ilé-iṣẹ́ lè dé ọwọ́ alágbàtà, kí ó dé ìsọ̀ kan ní Alájue, kí ó dé ibi ìgbéyàwó, kí ó sì tún padà sí ilé-iṣẹ́ nínú kéèsì rẹ̀ láti di kíkún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìgò kan bá fọ́ níbi àríyá, ẹ wo bí ìyàwó ilé ṣe ń kanra. Kì í ṣe ìfẹ́ àyíká ló fà á. Ìgò ní olóhun, ó sì ní iye.

Lẹ́yìn náà ni omi inú ọ̀rá dé, ní nǹkan bí ọdún 1990 sí i, tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Kò yẹ kí a bú u. Ó fún tálákà ní omi tútù ní owó díẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ omi ìjọba kò ti sun. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá fa omi náà mu tán, ọ̀rá náà bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ ti gba owó rẹ̀, ẹni tó tà á ti gba èrè rẹ̀, ẹni tó mu ún ti pa òùngbẹ. Kò sí ẹni tó jẹ òfò, nítorí náà kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Gọ́tà ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé eéran àti ewé gbòdògì, tí ewúrẹ́ ń jẹ tàbí tí ilẹ̀ ń gbé mì, ṣe fi ipò sílẹ̀ fún abọ́ fífúyẹ́ funfun tí ewúrẹ́ kò lè jẹ, tí ilẹ̀ kò sì lè gbé mì. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ náà.

Àwọn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ọ̀rọ̀ gọ́tà, kí wọ́n rántí Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún bo àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí lọ tó bá a lọ. Òjò ló rọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sí bèbè odò wà lára ohun tó sọ òjò di ikú. Ọ̀rá omi kò tíì dé nígbà náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò ló san owó ohun tí gbogbo ìlú jọ dànù. Bí agbára ẹrú ṣe wà níta ìṣirò ní ayé Ẹfúnṣetán, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ará ìsàlẹ̀ odò ṣe wà níta ìṣirò ní ayé tiwa.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe

Ní 2011, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí a ń pèsè ní àgbáyé ló ń ṣòfò. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni tó ra oúnjẹ tán ń fi nǹkan bí kílò 95 sí 115 ṣòfò lọ́dún. Ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà níbí, kílò 6 sí 11 péré ni. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe inú ìkòkò ìyàwó ilé ni oúnjẹ tiwa ti ń bàjẹ́. Ojú ọ̀nà ni. Tòmátì tó ti Òkè Ọya wá nínú agbọ̀n, tí wọ́n to agbọ̀n lé agbọ̀n, tí ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀ rẹ́, ló ń sọ ìtàn náà.

Ní Jàpáánù, Taiichi Ohno ti ilé-iṣẹ́ Toyota sọ ìfiṣòfò, tí wọ́n ń pè ní muda, di ọ̀tá tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wá kiri: ọjà tí a ṣe jù, ìdúró lásán, ẹrù tí a gbé kiri láìnídìí. Ní ìlú Kalundborg ní ilẹ̀ Dẹ́máàkì, láti 1972 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń ta ìṣẹ́kù fún ara wọn. Gáàsì tó ṣẹ́kù ní ilé-iṣẹ́ tó ń fọ epo rọ̀bì lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó ìkọ́lé. Ooru ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná lọ sí ilé àwọn ènìyàn àti sí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbogbo ayé ń lọ wò ó. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ẹkù: ohun tí ọlọ́pẹ kò nílò ni alágbẹ̀dẹ ń wá, ohun tí alágbẹ̀dẹ kò nílò ni ọlọ́ṣẹ àti aláró ń wá.

Nílé níhìn-ín, àjọ NESREA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007, ń tẹ̀lé ìlànà kan tó ní kí ẹni tó ṣe ọjà jáde má ṣe yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun tí ọjà náà fi sílẹ̀. Ìlànà tó tọ́ ni. Ní èdè tiwa, ohun tó ń sọ ni pé kí ọ̀rá náà tún ní olóhun. Ohun tó kù ni kí ó ní iye, kí ọmọ tó bá ṣa ọgọ́rùn-ún ọ̀rá ní Alájue rí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń san owó ìgò. Kí agbọ̀n tòmátì di kéèsì líle tó ń padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Kí iye kòkó tó gbẹ yàtọ̀ gedegbe sí iye èyí tí kò gbẹ. Kí àwọn tó ń gbé etí odò sì wà níbi tí a ti ń ṣe ìṣirò, nítorí pé àwọn ló mọ iye tí gọ́tà ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ìhá lórúkọ, wọ́n sì mọ ẹni tó ń bọ̀ wá rà á. Títí di òní, a kò tíì ní orúkọ fún ọ̀rá omi tí a ti mu tán, àfi pàǹtí. Ọjọ́ tí ọjà bá fún un ní orúkọ mìíràn ni a ó mọ̀ pé ó ti rí olóhun.